Ohùn Tó Ń Sá fún Ìyá Ọkọ Mi

Tí mo bá ti gbóòórùn iṣu bíbọ̀ tó ń gbẹ lórí àpáta gbígbóná, ibi kan ṣoṣo ni ọkàn mi máa ń sá lọ: ẹ̀yìnkùlé ilé ọkọ mi lórí òkè ní Ìdáàṣà, láyé ìjọba ológun tó pe ara rẹ̀ ní Rẹfolúsíọ̀n, nígbà tí tọmọdé tàgbà ń pe ara wọn ní kámáràdì. Àpáta kan wà níbẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, orí rẹ̀ ni gbogbo obìnrin agboolé ti ń sá èlùbọ́. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, tí o bá yọjú síbẹ̀ lọ́sàn-án, wàá rí iṣu tí a bẹ́ tí a sì bọ̀, a tò ó lọ bí ilẹ̀ ṣe lọ, láàárín rẹ̀ sì ni òkúta ràdíò wà, tí àwa ń pè ní pílì, tó ń yáàrùn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò níṣẹ́ kankan láti ṣe. A gbà pé pílì tó bá ti rẹ̀, oòrùn ni oògùn rẹ̀. Ìyá ọkọ mi kì í fẹ́ kó fara kan èlùbọ́ wọn. Wọ́n máa ń kìlọ̀ fún mi pé tí mo bá fi lè gún ọ̀kan mọ́ èlùbọ́, inú ikùn ọkọ mi la ó ti máa gbọ́ ìròyìn.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni mí, mi ò sì tíì pé ọdún kan nílé ọkọ nígbà náà. Èdè Ìdáàṣà jọ tiwa bí ọmọ ìyá ṣe ń jọra, ṣùgbọ́n tí mo bá lanu báyìí, àwọn ọmọ agboolé á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, gbogbo ohun tí ìyá ọkọ mi sọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, èdè tiwọn ni wọ́n fi sọ ọ́, èmi ni mo dà á sí Yorùbá tí èmi àti ìwọ jọ gbọ́. Adùn rẹ̀ á dín díẹ̀, wàá foríjì mí.

Obìnrin kúkúrú ni ìyá, aláápọn, tó máa ń wà lóko kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó dún. Ide mẹ́ta wà lọ́rùn ọwọ́ wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọlé ọkọ, wọn kì í bọ́ ọ fún iṣẹ́, wọn kì í bọ́ ọ fún ìwẹ̀. Wọn kì í pariwo, wọn kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Òfin kan ni wọ́n fi ń tọ́ ilé wọn, pé ojú lọ̀rọ̀ wà: ẹni tó bá fẹ́ fọhùn níbi tí àgbà wà, kó kọjú sí àgbà. Ìbáà jẹ́ ìkòkò gbígbóná lo gbé dání, wàá yíjú padà kí o tó dáhùn. Àga wọn wà lẹ́bàá ògiri nínú yàrá iwájú, lápá ibi tí oòrùn ti ń yọ, apá ibẹ̀ sì ni gbogbo ẹni tó bá wọlé máa ń dojú kọ. Lọ́jọ́ kan tí délégé, aṣojú ìjọba ní àdúgbò, wá wàásù Rẹfolúsíọ̀n fún wa, àwọn ọ̀dọ́ ló ń wò bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìyá rọra ní kó yí àga rẹ̀ padà, pé etí òun kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ tí a kò bá fi ojú gbé wá. Kámáràdì yí àga padà kíákíá, ó kọjú sí wọn, ó sì ń bá ìwàásù rẹ̀ lọ.

Ọmọbìnrin kan ni wọ́n bí lé ọkọ mi. Ìwọ náà mọ̀ pé ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, nítorí náà mo pè é ní Olóhùn-iyọ̀, nítorí ohùn tí Ọlọ́run fún un. Ó ti di ọ̀rẹ́ mi tipẹ́, ó sì ti bẹ̀ mí pé kí n má fi "ẹ" bá òun sọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n Olóhùn-iyọ̀ náà ni mo ṣì ń pè é títí dòní. Nígbà tí ìjọba ní kí á máa kọ èdè ìbílẹ̀ kí á sì máa kà á, òun ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kà geere ní gbogbo òkè wa. Àwọn tó wá láti Kútọnu gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n ní kó máa bọ̀ wá ka ìkéde lédè wa lórí ràdíò. Bẹ́ẹ̀, ìyá ti fún ẹbí kan ní Akofodjoulè lọ́rọ̀ lórí rẹ̀ pé ọmọ yóò di ìyàwó ilé wọn. Ọ̀rọ̀ wá di gbọ́nmi-sí-omi-ò-tó. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ó ru ẹrù rẹ̀, ó ń sọ̀kalẹ̀ lójú ọ̀nà àpáta, ìyá sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n pè é pé kó yíjú padà kó dágbére fún àwọn bó ṣe yẹ. Kò yíjú. Ẹ̀yìn rẹ̀ la rí títí ó fi wọ àárín àwọn igi máńgò nísàlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ọmọ náà, ohun kan ṣoṣo ni ìyá máa ń sọ: kó wá bá ojú òun nílé, kí òun tó dá a lóhùn.

Ọkọ mi, tó máa ń lọ ra iṣu ní ọjà Glazoué, ló ra ràdíò náà lọ́wọ́ bàbá oníbùtíìkì kan, Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá tó ń ta fìtílà àti kẹ̀kẹ́ nínú ọjà Ìdáàṣà. Nǹkan dúdú báyìí ni, ó gùn díẹ̀ ju ìgbọ̀nwọ́ lọ, a sì gbé e sórí pẹpẹ amọ̀ tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń ka ìkéde lédè wa. Ìyá ní àwọn tí oko wọn kò ní koríko ló ń rí àyè gbọ́ ràdíò. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, wọ́n tètè dé láti oko, wọ́n wẹ̀, wọ́n ró ìró tí wọ́n fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì wà nínú yàrá wọn bí ẹni ń wá nǹkan. A kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí. Bí ràdíò ṣe ní "Ẹ̀yin kámáràdì, ẹ kú ìrọ̀lẹ́," tí a mọ̀ pé Olóhùn-iyọ̀ ni, ìyá jáde wá. A dìde fún wọn, a gbọn àga fún wọn, a tún ràdíò ṣe kó kọjú sí wọn, a jókòó. Ohun tí a gbọ́ ni ṣíí, bí àkàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sínú epo. Ohùn ọmọ ti lọ.

Ìyá jókòó títí wọn ò rí nǹkan kan gbọ́, wọ́n dìde, wọ́n padà sí yàrá. Ọkọ mi gbé ràdíò, ó gbọ̀n ọ́n, ó gbé etí lé e, ó gbé e padà sórí pẹpẹ. Olóhùn-iyọ̀ tún ń sọ̀rọ̀, ketekete. Ọkọ mi sáré pe ìyá. Ìyá tún jáde, a tún dìde, a tún ṣe gbogbo bó ṣe yẹ kí ọmọ ilé ire ṣe, ohùn náà sì tún lọ. Bó ṣe rí nìyẹn láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Tí ìyá kò bá sí níbẹ̀, ràdíò á máa sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ ìbákà. Ìdí wọn kan àga báyìí, ó parí.

Ká sọ tòótọ́, kò sí ọgbọ́n tí a kò dá. Bí pílì ṣe dé orí àpáta láàárín èlùbọ́ nìyẹn. Nígbà tí oòrùn kò ràn án lọ́wọ́, ọkọ mi ra tuntun. Ó so wáyà mọ́ àntẹ́nì, ó fà á gba ojú fèrèsé lọ sórí igi máńgò, ewúrẹ́ ẹnìkan sì jẹ ìdajì rẹ̀. Àwọn kan ní òkè tó wà lẹ́yìn ilé ló ń dínà, pé ohùn Kútọnu kò lè gun àpáta. Ará ilé kan tó ti ṣiṣẹ́ ní Parakou wá fi ìdánilójú sọ pé ide ọwọ́ ìyá ni, pé ide a máa fa ohùn mọ́ra. Mo rò pé ìyá á bínú. Wọn ò bínú. Wọ́n ní kí n bu òrí wá, wọ́n fi pa ọwọ́, wọ́n sì ń fa ide náà jáde níkọ̀ọ̀kan títí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi bọ́. Ọrùn ọwọ́ wọn tín-ín-rín, ibi tí ide wà tẹ́lẹ̀ mọ́ ju ìyókù lọ. Mo wò ó, àánú wọn sì ṣe mí dé ọkàn. Ìgbà náà ni mo tó mọ bí wọ́n ṣe ń wá ohùn ọmọ wọn tó. Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n jókòó láìsí ide lọ́wọ́, ohùn náà sì lọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

Mo fi aṣọ di ràdíò náà, mo rù ú, mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọjà. Bàbá oníbùtíìkì gbé e sórí tábìlì wọn, ó kọjú sí ọ̀nà Paouignan tí ọkọ̀ ń gbà lọ sí Kútọnu, wọ́n sì tan án. Ó sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ títí dìgbà tí wọ́n pe ìrun Alásàrì, kò dákẹ́ rárá. Bàbá wò mí, wọ́n ń ka tẹsùbáà wọn lọ. "Ìyàwó, ara ràdíò yìí le o," ni wọ́n wí. "Èyí tó ń sọ̀rọ̀ lọ́jà tó ń dákẹ́ nílé, ilé ni kí ẹ lọ bi léèrè." Inú bí mi díẹ̀, mo rò pé wọn ò fẹ́ gba ọjà wọn padà ni.

Nígbà tí mo gbé e délé tí mo sì sọ bó ṣe ṣe lọ́jà, ìyá ní kí a má da ara wa láàmú mọ́. "Ó ń rí mi ni," ni wọ́n wí. "Tó bá ti rí mi, á dákẹ́." Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́, ohun tó sì dùn mí jù nìyẹn. Wọ́n ní kí a má tan ràdíò náà mọ́ tí àwọn bá wà nílé. Mọ̀lẹ́bí wa kan fẹ́ bá ọkọ̀ iṣu lọ sí Kútọnu lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìyá sì ti bá a sọ̀rọ̀ pé kó jíṣẹ́ fún ọmọ náà pé kó má wulẹ̀ wálé jẹ iṣu tuntun. Mo mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ìyá bá ránṣẹ́ sí pé kó má wálé, òun náà á ní kò burú, ọdún kan á di mẹ́wàá, ẹnì kan á sì ti kú kí wọ́n tó rántí ohun tó fà á.

Lọ́jọ́bọ̀ yẹn, ọkọ mi wà ní Glazoué, ìyá wà lẹ́yìnkùlé tí wọ́n ń yí èlùbọ́ padà. Èmi jókòó sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà níbi tí mo máa ń jókòó sí, mò ń ṣa ẹ̀wà. Òfin ni òfin, ṣùgbọ́n ìyá ò sí nínú ilé gan-an, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n wà, mo bá tan ràdíò díẹ̀díẹ̀. Olóhùn-iyọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ń kì wá nílọ̀ kí á kó ewúrẹ́ wa jáde fún abẹ́rẹ́. Àfi bí ìyá ṣe wọlé wá mú ajọ̀. Mo dìde, mo kúnlẹ̀ kí wọn, ọwọ́ mi sì ti dé ara ràdíò, mo yí i kọjú sí wọn, nítorí ilé náà ti kọ́ mi, mo sì ti gbà á kọ́. Ṣíí. Ọwọ́ mi ṣì wà lára rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó sọ fún mi pé kí n dá a padà. Mo dá a padà: "…ẹni tó bá ní àgùntàn náà…" Mo yí i sí ìyá: ṣíí. Mo dá a padà: "…kí ó so ó mọ́lẹ̀…" Mo ṣe é títí mo fi gbàgbé pé mo wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Kí lò ń fi ọmọ mi ṣe?" ni ìyá wí.

Láti ọjọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti wọ àárín máńgò, mi ò gbọ́ kí wọ́n pè é ní ọmọ mi. Mo ní, "Ìyá, kò sá fún yín rí. Àwa là ń yí ojú ràdíò sí yín, tó bá sì ti kọjú síbẹ̀, ohùn kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́." Ó pẹ́ lẹ́yìn náà kí bàbá oníbùtíìkì tó ṣí ẹ̀yìn ràdíò fi ìdí ọ̀rọ̀ hàn mí: irin dúdú kan tí wọ́n wé wáyà mọ́ ló wà nínú rẹ̀ ní gígùn, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń gba ohùn, kì í fi ṣóńṣó gbà á. Tí a bá ti yí i kọjú sí àga ìyá, ṣóńṣó ló nà sí Kútọnu. Ọ̀wọ̀ tí a ń bù fún ìyá ló ń gba ọmọ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ èyíkéyìí nínú ìyẹn, ohun tí ọwọ́ mi rí ni mo sọ. Mo ní kí wọ́n jókòó, kí n wá ibòmíràn tí n ó gbé e sí tó fi lè kọjú sí wọn, mo sì ti ń gbé e.

"Fi í sílẹ̀," ni ìyá wí. Wọ́n dúró, ajọ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń wo àga wọn, wọ́n ń wo ràdíò. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Lọ́jọ́ tí mo bí i, ṣé òun ló yíjú sí mi ni?"

Wọ́n gbé ajọ̀ sílẹ̀, wọ́n wá jókòó sórí ẹní mi lẹ́nu ọ̀nà, sáàárín èèpo ẹ̀wà, níbi tí ìyàwó ń jókòó, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n kọjú sí ọmọ wọn. Èmi ìyàwó ò wá mọ ibi tí n ó gbé ìdí sí mọ́, mo kúkú jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn wọn. Kò sí nǹkan kan nínú ohun tí Olóhùn-iyọ̀ kà tó kàn wá. Ewúrẹ́ ni, àti òrùlé ilé ìwé tí afẹ́fẹ́ ṣí, àti ìkéde òkú bàbá kan tí a kò mọ̀. Tó bá ti ní "Ẹ̀yin kámáràdì," ìyá á ní òun kì í ṣe kámáràdì ẹni tí òun bí, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n fi ọwọ́ dá mi dúró bí ẹni pé èmi ni mò ń pariwo, wọ́n na ọrùn síwájú. "Ó ní ọ̀fìnkìn," ni wọ́n wí. "Ta ló ń se àgbo fún un níbẹ̀?" Èmi ò gbọ́ ọ̀fìnkìn kankan. Ohùn dídùn tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń gbọ́ ni mo gbọ́.

Kí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó mọ́ dáadáa, ìyá ti di ewé efinrin àti koríko ọba sínú aṣọ, wọ́n ti bu èlùbọ́ tuntun, wọ́n ti mú òrí. Ọkọ mi ní ọmọ ló yẹ kó wá bẹ ìyá, kì í ṣe ìyá ló ń lọ bá ọmọ, kí ni ayé yóò wí? Ìyá ní kó lọ bi ràdíò. A sìn wọ́n dé etí títì, mọ̀lẹ́bí tó yẹ kó jíṣẹ́ ló sì gbé wọn gun orí iṣu nínú ọkọ̀.

Olóhùn-iyọ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ ìyókù fún mi. Ó ní òun ń jáde láti ibi iṣẹ́ nígbà tí òun rí arúgbó kan tó jókòó sórí ẹrù ní òdìkejì títì, nínú yanrìn. Ó sáré, ó kúnlẹ̀. Ìyá ò tíì kí i tí wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ wò bóyá ó gbóná. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí ó ń mu àgbo tó korò, ó sọ fún ìyá pé láàárọ̀ ọjọ́ tí òun kúrò nílé, ẹkún ló mú òun, òun kò fẹ́ kí wọ́n rí omi ojú òun ni òun kò ṣe yíjú padà.

"Mo mọ̀," ni ìyá wí. "Ẹ̀yìn rẹ ń gbọ̀n. Mo rí i, mi ò kàn fẹ́ rí i ni."

Ọkọ mi àti àwọn àgbà ẹbí lọ fi ọ̀rọ̀ tútù bá àwọn ará Akofodjoulè sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì tán bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń tán. Àga ìyá kò kúrò níbi tó wà, òfin ojú lọ̀rọ̀ wà kò sì yí padà fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, orí ẹní lẹ́nu ọ̀nà ni a máa ń bá wọn, àlejò tó bá sì fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, wọ́n á ní afẹ́fẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Nínú ide mẹ́ta, méjì ló padà sí ọwọ́ wọn. Ẹ̀kẹta, èmi ni wọ́n fún, ó wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ìyá ti lọ sinmi, èmi náà sì ti di ẹni tí wọ́n ń dìde fún. Ọmọ mi ọkùnrin wà lókè òkun, ó pẹ́ tó ti wálé, ọ̀rọ̀ sì wà láàárín wa tí mo ti ń sọ fún ara mi pé ojú mi ni yóò wá bá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọmọ-ọmọ mi gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká wá kí n lè rí i, bí wọ́n bá sì ti gbé e wá síwájú àga mi báyìí, wífì á já, ojú ọmọ á dúró gbagidi lórí nǹkan náà, ẹnu rẹ̀ á wà ní ṣíṣí. Wọ́n gbé e padà sí ẹ̀bá fèrèsé, ó tún ń sọ̀rọ̀. Wọ́n tún ń gbé e bọ̀ wá sọ́dọ̀ àgbà. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Mo dìde, orúnkún ń dùn mí, mo lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé níwájú rẹ̀. Ọmọ mi bi mí pé, "Màmá, kí ló dé tí ẹ jókòó sílẹ̀?" Mò ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bóyá ó ń jẹun dáadáa.